Bá a ṣe ń dá òkúta mọ̀ ní Abẹ́òkúta láì jẹ́ kí dídán tàn wá jẹ

Ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta ò nílò owó ọkọ̀ lọ ibì kankan kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá òkúta mọ̀. Òkìtì gíráfẹ́ẹ̀lì tí típà dà síwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ọbáńtokò tàbí Aṣerò ti tó. Gọ́tà lẹ́yìn òjò ńlá ti tó. Kódà ọlọ tó wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà, ó ti tó. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé téèyàn bá ti he nǹkan tó ń kọ mọ̀nà báyìí, ibi tí ọkàn ẹ̀ máa kọ́kọ́ sáré lọ ni wúrà àbí dáyámọ́ǹdì, àwọn tó ń fi òkúta lu jìbìtì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ojú lásán ni wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ fi wò ó, wọn ò ní gbà kẹ́ ẹ fi ìṣó kàn án. Èmi ní tèmi, àwọ̀ ni mo máa ń wò kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kó irinṣẹ́ jọ

Kò sí èyí tẹ́ ẹ máa rà lówó gọbọi nínú ẹ̀. Ìṣó tó nípọn kan àti ọ̀bẹ àtijọ́ kan. Àfọ́kù gíláàsì wíńdò, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí ẹ̀ kó má baà gé yín lọ́wọ́. Waya kọ́pà tí àwọn tó ń wáyà ilé gé dànù, ẹ bó rọ́bà ara ẹ̀ kúrò. Fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá. Àfọ́kù táìlì funfun, ẹ̀yìn ẹ̀ tí kò dán yẹn la fẹ́, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ pupa ò ní wúlò torí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí àwọ̀ dáadáa. Òòfà inú sípíkà tó ti kú. Fínígà díẹ̀, sìkéèlì kékeré tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ní kíṣìnnì, òwú ìránṣọ, àti tọ́ọ̀ṣì fóònù yín.

Hámà náà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí ò bá fi gọ́gù sójú kó má fi hámà lu òkúta kankan, torí èérún ẹ̀ máa ń ta, ojú ló sì máa ń wá. Ẹ fi omi rin òkúta náà kẹ́ ẹ tó lù ú, nítorí ekuru òkúta tó ní quartz nínú, ìyẹn àlùmọ́ọ́nì líle tó ń dán bíi gíláàsì, máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ bi àwọn tó ti ń fọ́ òkúta jẹun ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má sì tọ́ òkúta tẹ́ ò mọ̀ lá. Inú kúárì ńkọ́? Ẹ má wọ̀ ọ́ láì gbàṣẹ, wọ́n ń fi bọ́ǹbù fọ́ àpáta níbẹ̀, àti pé òkìtì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ti tó yín. Olúmọ ní tiẹ̀, ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó, ibi ìbọ ni, ibi tí àlejò ń wá wò ni, ẹni tó bá gbé hámà débẹ̀ á ṣàlàyé ara ẹ̀ fáwọn àgbà.

Ṣé òkúta lẹ fẹ́ mọ̀ ni, àbí ohun tó wà nínú ẹ̀?

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á gbé odindi òkúta, wọ́n á fi ìṣó fá a, ibì kan á gba ìṣó, ibì kejì ò ní gbà á, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà ò yé àwọn mọ́. Kò lè yé yín bẹ́ẹ̀ ṣá. Òkúta tó pọ̀ jù ní ìgboro Abẹ́òkúta, gíránáìtì àti náìsì ni, àdàlù sì ni àwọn méjèèjì, àlùmọ́ọ́nì bíi mẹ́ta mẹ́rin ló so mọ́ra wọn nínú wọn. Àwọn tẹ́ẹ̀sì tí mo fẹ́ sọ yìí, orí ẹyọ àlùmọ́ọ́nì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí hóró ẹ̀ tóbi tó èékánná, kẹ́ ẹ fá ibẹ̀ nìkan. Inú gíránáìtì Abẹ́òkúta, hóró ńlá-ńlá wà, pàápàá ti feldspar, àlùmọ́ọ́nì kan tó sábà máa ń mọ́ra, èyí sì rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ẹ là á kẹ́ ẹ rí inú ẹ̀ tuntun. Ara òkúta tó ti wà lóòrùn àti lójò fún ọdún gbọọrọ ti yí padà, ó ti rọ̀, ó ti pọ́n, ẹ̀yìn ẹ̀ ti hu nǹkan, ẹni tó bá fá ibẹ̀ ń fá ìdọ̀tí ni.

Ẹ fà á lórí táìlì

Àwọ̀ òkúta kì í dúró lójú kan. Quartz nìkan, ẹ lè rí èyí tó mọ́ gaara tẹ́ ẹ máa rí ìka yín lódìkejì ẹ̀, ẹ lè rí funfun, pínkì, èyí tó ní àwọ̀ èéfín, àti aláwọ̀ pọ́pù tí wọ́n ń pè ní amethyst, quartz náà ni gbogbo wọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ nǹkan di ìyẹ̀fun, àwọ̀ ìyẹ̀fun yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fa òkúta lórí ẹ̀yìn táìlì, ká lè rí ìlà ìyẹ̀fun tó fi sílẹ̀.

Ẹ mú yangí, ìyẹn tó wà káàkiri ìlú tí wọ́n fi ń kún ojú ọ̀nà, ẹ fà á, ìlà tó máa fi sílẹ̀ á jẹ́ pupa tàbí yẹ́lò tó fẹ́ẹ́ jọ àwọ̀ ilẹ̀. Irin tó ti dípẹtà ló wà nínú ẹ̀. Hematite, òkúta irin gidi bí irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ìtakpẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kogí, ó lè dúdú, ó lè máa dán mọ̀nà, àmọ́ ìlà tó máa fà, pupa ni, lọ́jọ́kọ́jọ́. Magnetite, òkúta irin mìíràn tó jọ ọ́, máa fa dúdú. Ṣé ẹ rí i pé táìlì tí wọ́n dà nù ti yanjú nǹkan tí ojú ò lè yanjú.

Ohun kan wà kẹ́ ẹ kíyè sí: táìlì náà ní ibi tí líle ẹ̀ dé. Tí òkúta bá le ju táìlì lọ, ìyẹ̀fun funfun tẹ́ ẹ máa rí, ti táìlì ni, òkúta ti họ ọ́. Ẹ fi ìka nù ún, tẹ́ ẹ bá rí kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lára táìlì, ẹ mọ̀ pé tẹ́ẹ̀sì yìí ò kan òkúta yẹn, kẹ́ ẹ kọjá.

Líle ẹ̀ ńkọ́?

Lọ́dún 1812, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedrich Mohs to àlùmọ́ọ́nì mẹ́wàá tẹ̀ léra láti orí èyí tó rọ̀ jù dé orí èyí tó le jù, òfin ẹ̀ ò sì ju ẹyọ kan lọ, èyí tó le ló máa fá èyí tó rọ̀. Talc ni 1, gypsum 2, calcite 3, fluorite 4, apatite 5, feldspar 6, quartz 7, topaz 8, corundum 9, dáyámọ́ǹdì 10. Ipò lásán ni nọ́ńbà yẹn o, kì í ṣe pé 10 jẹ́ ìlọ́po méjì 5, dáyámọ́ǹdì fi ọ̀nà jíjìn gan-an le ju corundum tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ.

A ò ní àlùmọ́ọ́nì mẹ́wàá nílé, àmọ́ a ní èékánná, ìyẹn bíi 2.5. Waya kọ́pà, bíi 3. Ìṣó, bíi 4.5. Ọ̀bẹ àti gíláàsì, bíi 5.5. Fáìlì, bíi 6.5. Ẹ máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èékánná, èyí tó bá kọ́kọ́ fá a ni ẹ máa fi mọ ibi tó wà.

Ẹ di òkúta mú ṣinṣin, ẹ fa ìlà kúkurú kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ fi ìka tó tutù nù ún. Ìlà tó bá parẹ́, irin ló ń họ sára òkúta yín, ìyẹn ni pé òkúta le ju irin lọ. Ìlà tí kò parẹ́ tí èékánná sì ń kọ́ tẹ́ ẹ bá fi gba orí ẹ̀, òkúta ló họ. Kó tó dá yín lójú ẹ yí i padà, ẹ fi òkúta fá irin náà. Mo ti rí ẹni tó jiyàn títí lórí ìlà tí omi ẹnu lásán nù kúrò.

Quartz àti feldspar, àwọn méjì tó ń da ojú rú

Tẹ́ ẹ bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjì yìí, ẹ ti mọ ìdajì òkúta Abẹ́òkúta. Méjèèjì máa ń mọ́ra tàbí kí wọ́n ní àwọ̀ eérú, méjèèjì máa ń fá gíláàsì, torí náà ẹni tó bá ní "ó fá gíláàsì, quartz ni" kò tíì sọ nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ gbé òkúta tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là sínú oòrùn, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Feldspar á kàn dédé tan yànràn nígbà kan, gbogbo ojú hóró yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá tún yí i díẹ̀ ó kú. Ìdí ni pé ó máa ń là sí ojú pẹrẹsẹ, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà là, àwọn ojú méjèèjì pàdé ara wọn bí igun ilé tó gún tàbí tó fẹ́ẹ́ gún. Quartz ò ní ojú pẹrẹsẹ tó ń là sí, ṣe ló máa ń fọ́ sára, ojú ibi tó fọ́ máa tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, dídán ẹ̀ jọ ti ìdí igo, kò sí bẹ́ ẹ ṣe yí i tó máa tàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí ìmọ́lẹ̀ ò bá tíì tó yín, ẹ mú fáìlì. Fáìlì á họ feldspar díẹ̀, á kàn yọ̀ lórí quartz ni. Ẹ tún lè fi ṣóńṣó quartz fá feldspar, á fá a.

Àbùdá tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ wo ara àpáta àtijọ́ tí òjò ti ń pa, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án pàápàá. Feldspar máa ń jẹrà di amọ̀ funfun, irú èyí tí à ń pè ní ẹfun, quartz ò ní jẹrà. Nítorí náà lára àpáta tó ti gbó, ibi tó ti ṣófo tí ó ń bu ẹfun ni feldspar wà tẹ́lẹ̀, ibi tó yọrí jáde tó gún ọwọ́ ni quartz. Ibi tí sháápù sáńdì tó wà létí Odò Ògùn ti wá náà nìyẹn, òkúta jẹrà, omi kó amọ̀ lọ, quartz ló kù. Ẹ bu sáńdì yẹn sórí àtẹ́lẹwọ́ kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló ń dán bí gíláàsì.

Dúdú mẹ́rin

Nínú òkúta wa nǹkan dúdú wà, gbogbo ẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ń pè ní nǹkan kan náà. Èyí tó pọ̀ jù ni máíkà dúdú, biotite. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ wá etí ẹ̀, á máa ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, èyí tẹ́ ẹ bá ṣí á tẹ̀, á sì tún padà sípò ẹ̀. Ó rọ̀, kọ́pà fá a tán. Kò sí òmíràn nínú àwọn dúdú yìí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà tó bá ti ṣí, ẹ má tún ṣe wàhálà.

Tí kò bá ṣí, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ku hornblende àti tourmaline dúdú. Ibí yìí ní sùúrù nínú o. Hornblende wà láàrin 5 sí 6, fáìlì máa fá a, ó sì máa ń là lọ́nà méjì tó pàdé ní ìdagẹ̀rẹ̀, kì í ṣe igun tó gún. Tourmaline le tó 7 sí 7.5, fáìlì ò ní ṣe é ní nǹkan, àwọn ìlà tín-ín-rín máa ń wà lára ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì wo orí ẹ̀ níbi tó ti ṣẹ́, igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wú díẹ̀ lẹ máa rí. Inú pegmatite ni wọ́n ti sábà máa ń rí i, ìyẹn àwọn ibi tí hóró òkúta ti tóbi jọjọ. Tourmaline aláwọ̀ ewé tàbí pínkì, òkúta olówó ni, wọ́n ń wà á ní apá Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, dúdú ẹ̀ ní tiẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọjà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tà yín bíi jẹ́mù.

Dúdú kẹrin ni magnetite. Lẹ́yìn òjò, ẹ wo ìsàlẹ̀ gọ́tà tàbí etí títì níbi tí ọ̀gbàrá ti gbà, ẹ máa rí ìyanrìn dúdú tó tò ní ìlà-ìlà lórí èyí tó mọ́ra. Ẹ fi òòfà sínú nylon kẹ́ ẹ tó kàn án o, tí ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa fi wákàtí ṣa á kúrò lára òòfà. Èyí tó bá fò mọ́ ọn, ẹ tú nylon yẹn sórí páálí, magnetite ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdí tó fi kóra jọ síbẹ̀ ni pé ìwúwo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti quartz, omi ò lè gbé e rìn jìnnà.

Tó bá jẹ́ wúrà lẹ rò pé ẹ rí

Ẹ mí kanlẹ̀ ná. Èyí tó ń tàn yẹ́lò nínú yẹ̀pẹ̀ Abẹ́òkúta, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ máíkà. Máíkà dúdú tí oòrùn àti òjò ti bá ṣe máa ń pọ́n, á sì máa dán yanran, ìyẹn ló ń tan àwọn ọmọdé, ó sì ń tan àgbà náà. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣí tàbí tó fọ́ sí pẹlẹbẹ, máíkà ni. Wúrà kì í fọ́, ṣe ló máa tẹ́, tẹ́ ẹ bá fi hámà lù ú á fẹ̀ síwájú. Ẹ dà á sínú àwo omi kẹ́ ẹ máa rọ́ ọ: máíkà ò ní tètè rì, á máa yípo nínú omi, wúrà á rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò sì ní kúrò níbẹ̀, torí pé ó fi nǹkan bí ìlọ́po 19 wúwo ju omi lọ. Ohun mìíràn, wúrà ò ní dẹ́kun àti máa jẹ́ yẹ́lò tó bá wà níbòji, máíkà kàn ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ni, ẹ gbé e kúrò lóòrùn ẹ máa rí i bí ẹwà ẹ̀ á ṣe lọ.

Pyrite lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù, nítorí ó dán bí irin, ó yẹ́lò, ó sì wúwo. Àmọ́ ó le, 6 sí 6.5, ọ̀bẹ ò lè fá a, hámà á fọ́ ọ túútúú, ìlà tó ń fà lórí táìlì sì dúdú tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Wúrà rọ̀, 2.5 sí 3, ìlà ẹ̀ yẹ́lò. Ìlà táìlì yìí nìkan tó láti lé oníjìbìtì lọ. Àgbègbè tí wúrà gidi ti wà nítòsí wa, Iléṣà ló lókìkí jù, wọ́n ti ń wà á níbẹ̀ tipẹ́.

Dáyámọ́ǹdì ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ń tà á ló máa fá gíláàsì lójú yín. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé quartz náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣóńṣó quartz fá "dáyámọ́ǹdì" ẹ̀. Tó bá fá a, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má fi hámà lù ú bí àwọn kan ṣe ń wí o, dáyámọ́ǹdì gidi le lóòótọ́ àmọ́ ó ń là, ẹ máa ba nǹkan oníǹkan jẹ́.

Fínígà àti òkúta Ewékoro

Ẹ gba ọ̀nà Èkó àtijọ́ láti Abẹ́òkúta, kẹ́ ẹ tó dé Ifọ̀ ẹ máa kan Ewékoro. Àpáta ńlá-ńlá ti tán kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ilẹ̀ ti yàtọ̀. Ti ìlú wa, òkúta àtayébáyé tó gbóná jinlẹ̀ nínú ilẹ̀ kó tó tutù ni, ti Ewékoro, ìsàlẹ̀ òkun ló ti wá, òkun tó bo ibẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìkarahun àwọn ẹran omi ṣì wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa. Láìmùsítónù ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì níbẹ̀ láti 1960.

Tẹ́ ẹ bá rí òkúta tó mọ́ra tẹ́ ò mọ̀ bóyá láìmùsítónù ni àbí quartz, ẹ fi ọ̀bẹ gbo ó kó ní ìyẹ̀fun díẹ̀, kẹ́ ẹ wá kán fínígà sórí ìyẹ̀fun yẹn. Tó bá hó, láìmùsítónù ni, calcite inú ẹ̀ ló ń tú gáàsì jáde. Fínígà ò lágbára tó ásíìdì lábù, hóhó ẹ̀ kéré, ẹ gbé e súnmọ́ etí yín tàbí kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà wò ó. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é. Ásíìdì bátìrì mọ́tò ńkọ́, ẹ má dán an wò, ẹni tó bá ta sí lójú ló máa mọ̀.

Mábù gidi náà máa ń hó, torí láìmùsítónù tó ti jinná nínú ilẹ̀ ni. Ẹ lè fi ìyẹn yẹ "mábù" tí wọ́n fẹ́ tà fún yín fún kíṣìnnì wò, ẹ kán an síbi kọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní mábù lọ́jà, gíránáìtì ni. Ẹ sì rántí pé àfọ́kù kọnkéré àti síkíríìdì náà máa hó, ẹ má lọ máa kéde pé ẹ rí láìmùsítónù ní Pańṣẹ́kẹ́ nínú Abẹ́òkúta.

Ẹ wọn bó ṣe wúwo sí

Ọwọ́ nìkan lè sọ fún yín pé èyí wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, àmọ́ nọ́ńbà dáa jù. Ẹ rẹ òkúta sínú omi ná kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ẹ nù ún, ẹ gbé e sórí sìkéèlì kẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá gbé ike omi sórí sìkéèlì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo. Ẹ so òkúta mọ́ òwú, ẹ rì í sínú omi yẹn pátápátá láì jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ ike tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin lẹ di òwú mú o, kẹ́ ẹ wá ka nọ́ńbà tó gbé jáde. Ẹ fi nọ́ńbà kejì yìí pín ti àkọ́kọ́. Ká ní òkúta jẹ́ gíráàmù 530, tí omi sì fi 200 hàn, 2.65 nìyẹn, quartz ni nọ́ńbà yẹn. Feldspar náà wà nítòsí ibẹ̀, nítorí náà tẹ́ẹ̀sì yìí ò ní ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Dáyámọ́ǹdì 3.5, magnetite, hematite àti pyrite wà ní nǹkan bíi 5, galena 7.5. Òkúta tó kéré jù ò ní fún yín ní èsì gidi, èyí tó tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé ló dáa.

Torí galena mo fẹ́ dúró díẹ̀. Ó dán bí irin tuntun, ó máa ń là sí igun gígún bíi dáìsì, ìlà ẹ̀ lórí táìlì ní àwọ̀ eérú, òjé ló sì kún inú ẹ̀. Òun ni wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ tìróò ojú látayébáyé. Tẹ́ ẹ bá ti fura pé galena ni nǹkan tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má fà á lórí táìlì nínú kíṣìnnì, ẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ekuru òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú ilé pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400.

Wàyí o, ẹ wá sọ orúkọ òkúta náà

Tẹ́ ẹ bá ti mọ àwọn hóró inú ẹ̀, orúkọ odindi ẹ̀ ò le mọ́. Quartz, feldspar àti máíkà tó dì mọ́ra wọn láì tò, gíránáìtì. Àwọn kan náà àmọ́ tí dúdú àti funfun tò ní ìlà-ìlà, náìsì, ẹ máa rí i gan-an lára àpáta tí wọ́n gé láti la títì. Tí máíkà bá pọ̀ débi pé gbogbo ara ẹ̀ ń tàn tó sì ń bó, schist. Quartz nìkan tó dì gbagidi, tí fífọ́ ẹ̀ gba àárín hóró kọjá, quartzite, tí hóró bá ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi ìka ra á, sandstone ni, èyí sì wà ní apá gúúsù ìlú. Yangí, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe òkúta rárá. Ìdàrọ́ tó wá látibi iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó dúdú, ó wúwo, ihò kéékèèké kún inú ẹ̀, wọ́n á ní ìràwọ̀ tó já bọ́ ni, àmọ́ òkúta tó já bọ́ láti òkè kì í sábà ní ihò bẹ́ẹ̀ nínú. Àfọ́kù igo tí odò ti fọ̀ mọ́ náà, wọ́n á ní jẹ́mù ni, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá ẹ máa rí ihò afẹ́fẹ́ roboto nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi quartz fá a, á gbà á. Tẹ́ ẹ bá wá rí òkúta dídán tó ní ojú bí àáké, tẹ́ ẹ rí i pé ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ, ẹdùn àrá ni, ẹ má fá a, ẹ má fọ́ ọ, ẹ fi hàn àwọn àgbà tàbí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nǹkan tí àwọn ará àtijọ́ lò ni.

Òkúta kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá tọ́jú, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ọn, ẹ kọ àdúgbò tẹ́ ẹ ti rí i, bóyá ara àpáta lẹ ti yọ ọ́ àbí inú gíráfẹ́ẹ̀lì tí típà gbé wá láti ibòmíràn, ìlà tó fà, ohun tó fá a, nọ́ńbà ìwọ̀n ẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀ náà, ẹ lè kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Tí gbogbo tẹ́ẹ̀sì bá ń tọ́ka sí nǹkan olówó, ẹ gbé díẹ̀ lọ sí ẹ̀ka jiọ́lọ́jì ní yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, kẹ́ ẹ mú bébà yẹn dání, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni ibi tẹ́ ẹ ti rí i. Kẹ́ ẹ má sì tíì gbé ṣọ́bìrì o: òfin ọdún 2007 lórí ohun àlùmọ́ọ́nì sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ bàbá yín ni, ìwé àṣẹ ló máa ṣíwájú wíwà.